Eyín Ọ̀tún Tàbí Eyín Òsì

Ìjẹ̀bú-Òde

Bùkọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú ìfaradà òtútù Bẹ́ljíọ̀mù. Màmá ń kí ọ. Ojúde Ọba ti wá, ó ti lọ, régbérégbé tiwa múra dáadáa. Gààrí rẹ ti wà nínú àpò, ẹni tí yóò gbé e wá fún ọ là ń wá. Gbogbo ìyẹn lè dúró. Àwòrán aràn wínníwínní inú iyanrìn tí o fi ránṣẹ́ ni kò lè dúró, torí o ní ọjọ́ Ẹtì ni ìwé rẹ ń lọ.

Orí rẹ̀ dára, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ètè mẹ́fà yí ẹnu ká, kókó kékeré kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, irun mẹ́wàá sì tò yíká lẹ́yìn wọn. Irun mẹ́fà àti mẹ́rin tó máa ń wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lára àwọn aràn mìíràn kan ló pàdé lójú kan, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí nínú ẹbí Oncholaimidae. Amphid tí o yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ibi tí aràn fi ń gbóòórùn inú omi, rí bí àpò ẹ̀wù, kò lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Ó tọ̀nà.

Ẹnu rẹ̀ ló dà mí láàmú. Ihò ẹnu fẹ̀, ògiri rẹ̀ le, eyín mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọ̀kan níhà ẹ̀yìn, méjì níhà ikùn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ìwọ ya èyí tó tóbi jù sí ọ̀tún, o wá kọ Oncholaimus, orúkọ ìran kan nínú ẹbí yìí, sábẹ́ rẹ̀. Bùkọ́lá, eyín òsì ló máa ń tóbi jù lẹ́nu Oncholaimus. Viscosia, ìran mìíràn nínú ẹbí kan náà, ni tiẹ̀ máa ń jẹ́ ọ̀tún. Yálà àwòrán ló yí padà, tàbí orúkọ ló ṣì. Èmi ò lè mọ̀ ọ́n láti ibí.

Ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbẹ́ ni aràn fi ń sùn lórí sílàìdì, nítorí náà kọ́kọ́ wá ikùn rẹ̀. Ihò ìdí àti ojú ara abo, ikùn ni wọ́n máa ń wà. Gbé orí rẹ̀ sókè. Bí ikùn bá kọjú sí ọwọ́ òsì rẹ, ẹ̀gbẹ́ òsì aràn lò ń wò, bí ìgbà tí ènìyàn bá dojú kọ òsì rẹ tí èjìká òsì tirẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè, máa sọ máíkírósíkóòpù kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀: eyín ikùn tó bá kọ́kọ́ mọ́lẹ̀ kedere, ti ẹ̀gbẹ́ yẹn ni. Máíkírósíkóòpù fúnra rẹ̀ ń dorí àwòrán kodò, àmọ́ kì í sọ òsì di ọ̀tún. Kámẹ́rà ni kí o fura sí. Kọ lẹ́tà F sórí gíláàsì kan, kí o yà á ní fọ́tò. Bó o bá yí fọ́tò náà títí, tí F kò sì ṣeé kà síbẹ̀, á jẹ́ pé kámẹ́rà rẹ ń ṣe bíi dígí.

Ohun kejì tí mo rí, òun náà kan eyín yìí. Nínú tábìlì rẹ, akọ tí o yà gùn ní 2,400 máíkírọ́ọ̀nù (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ni mìlímítà kan), ìbú rẹ̀ 80, a ti de Man, ìyẹn gígùn tí a fi ìbú pín, wá jẹ́ 30. Àwọn akọ méjì yòókù, ìbú wọn 55 àti 57, a wọn 43 àti 42. Bí a bá fi ọ̀fun 400 pín gígùn yẹn, b jẹ́ 6; bí a bá fi ìrù 120 pín in, c jẹ́ 20. Ìyẹn ò yàtọ̀ sí tàwọn yòókù, torí ìbú ò sí nínú ìṣirò wọn. Gíláàsì ló tẹ akọ yìí pẹlẹbẹ. Aràn tó bá sì ti pẹlẹbẹ, eyín ọ̀tún àti tòsì á bọ́ sí ìpele kan náà, ìwọ ò ní mọ èwo ló wà lókè. Fi ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wínníwínní mẹ́ta gbé gíláàsì òkè dúró, kí wọ́n nípọn ju aràn lọ díẹ̀.

Má sì gbé e sínú gílísíríìnì gidi lẹ́ẹ̀kan náà. Omi ara rẹ̀ á fà jáde kíákíá, awọ á rún. Po gílísíríìnì 5, ẹ̀tánọ́ọ̀lù 5 àti omi 90 nínú ọgọ́rùn-ún, kí o gbé aràn sínú rẹ̀ nínú àwo kékeré tí o bò díẹ̀, kó máa gbẹ fúnra rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ara aràn kò ní iṣan tó yí i ká, èyí tó gùn láti orí dé ìrù nìkan ló ní. Omi inú tó ń tì awọ síta ló mú un dúró.

Ìrù tí o yà wú mi lórí gan-an. O fi ẹṣẹ́ mẹ́ta tó ń ṣe àtè hàn, àti ihò ṣóńṣó tí àtè wọn ń gbà jáde. Àtè yẹn ló fi ń di iyanrìn mú kí ìgbì má baà gbé e lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún rèé. Akọ nìkan lo yà. Iyanrìn tí a bù ní Ìjẹ̀bú Wọ́tásáìdì ṣì ṣẹ́ kù nínú ìgò kejì. Da omi sí i, gbọ̀n ọ́n, jẹ́ kí iyanrìn rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí o da omi òkè sínú asẹ́ oníhò 63 máíkírọ́ọ̀nù. Ṣe é ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Wá abo méjì tí ẹyin ti hàn nínú wọn, má mú èyí tí kò tíì dàgbà. Abo Oncholaimus ní àpò ẹyin kan ṣoṣo, iwájú ló lọ. Ti Viscosia jẹ́ méjì, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, tún ẹnu yà. Bó bá jẹ́ méjì, orúkọ ni kí o pa rẹ́, má fọwọ́ kan àwòrán.

Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí mi kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.

Èmi ni,
Fọlákẹ́