Àkànní, Wálé Kérésìmesì

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ Sátidé kò jẹ́ kí n sùn. O ní o ò ní wálé Kérésìmesì yìí, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ á gbé mọ́tò wá, ìwọ á sì máa sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì bí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kan. Ìparí ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta òfì ní Ìsẹ́yìn níbí. Aṣọ tí mo dá iye lé láàárọ̀, oníbàárà lè ná an wálẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, aṣọ náà kò sì yí padà. Má gbé ara rẹ sórí àtẹ fún ẹnikẹ́ni láti ná.

Ní 1821, wọ́n kó ọmọ kan lẹ́rú ní Òṣogùn. Àjàyí lorúkọ rẹ̀. Ìlú wa yìí ni wọ́n mú un wá, wọ́n sì fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, ẹṣin ò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n dá ẹṣin náà padà, ọmọ náà sì padà sọ́wọ́ ẹni tó fi í sílẹ̀. Ẹlòmíràn tún fi tábà àti ọtí rà á. Àkànní, ta ló mọ iye ọmọ yẹn nínú gbogbo wọn? Òun náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Bíbélì Yorùbá tí mo fi kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Pétérù kọ ọ́ pé kì í ṣe fàdákà tàbí wúrà ni a fi rà wá padà, bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀ Kristi. Ẹni tí Jésù rà báyẹn, ṣé mọ́tò ló kù tí yóò sọ ọ́ di ènìyàn? Mi ò ní kí o má ra mọ́tò o. Mo ń gbàdúrà rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bó bá dé, kò ní fi nǹkan kan kún ọ lójú Ọlọ́run, bí kò bá sì dé, kò ní dín ọ kù.

Nígbà tí Crowther tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, ìyá náà ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọn ò lè sọ̀rọ̀, omijé ń dà lójú ìyá náà. Mo máa ń rò ó nígbà tí mo bá jókòó ti ọjà mi.

Bọ́ọ̀sì wo lo máa wọ̀? Fi àkókò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Màá ti dúró ní gáréèjì kí o tó dé.

Èmi ni màmá rẹ.