Lẹ́tà sí àbúrò mi tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù àìsàn ọpọlọ láìfẹ́

Àbúrò mi,

Mo ti rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì ẹ. O ní tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló ń dùn ẹ́, tí o ní o ò ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣé wọ́n máa gbé ẹ dè? Ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò sì ní fi "nítorí ire ẹ ni" dá ẹ lóhùn, ẹni tó bá fẹ́ fagbára mú èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Tèmi ò gùn. O ò fojú ba oorun mọ́, o wá gun ojú fèrèsé òkè, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, o ní àwọn kan ń pè ẹ́ nísàlẹ̀. Tó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́la màá tún pe dọ́kítà, mi ò ní bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn jàre.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ẹ̀ lèmi náà ń bínú sí. Wọ́n so ẹ́ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bá àpá ẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ ẹ, o béèrè orúkọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ gún ẹ, nọ́ọ̀sì ní kí lo fẹ́ fi ṣe. Pé wọ́n ní kéèyàn má tíì máa lọ sílé ò sọ pé kí wọ́n máa rọ ohun tó bá wù wọ́n sí i lára o! Ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ nìyí.

Ọkùnrin kan wà ní Florida, Kenneth Donaldson, bàbá ẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù àìsàn ọpọlọ (o rí i pé ẹbí náà lè ṣini gbé), ó lo nǹkan bí ọdún 15 níbẹ̀, kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní òun máa gbà á sọ́dọ̀, wọ́n kọ̀. Ọdún 1975 ni kọ̀ọ̀tù tó ga jù ní Amẹ́ríkà wá sọ pé àìsàn ọpọlọ nìkan ò tó láti ti ẹni tí ò léwu mọ́lé, tó bá lè dá gbé níta tàbí tó ní ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́.

Àwọn kan tiẹ̀ ní kó má sí rárá. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àdéhùn UN ti 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá ti sọ pé kí ìtọ́jú àfipáṣe dópin. Mo gbọ́ wọn, àmọ́ tí mo bá rántí fèrèsé yẹn mi ò lè bá wọn dé òpin ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe rèé, nísinsìnyí tí orí ẹ pé: kọ ọ́ sílẹ̀. Oògùn tó bá ẹ lára mu, èyí tó mú kí àgbọ̀n ẹ le gan-gan, ẹni tí o ò fẹ́ kó gbọ́ rárá. Ní Scotland, òfin 2003 ní tí aláìsàn bá ti kọ irú ìwé yìí tí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i, dọ́kítà gbọ́dọ̀ rò ó mọ́ ọn, tó bá sì ṣe ohun tó yàtọ̀, àfi kó kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ibi gbogbo lòfin ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tó o fẹ́ tó bá wà lọ́wọ́ wọn.

Kọ ẹni tí wọ́n máa pè náà síbẹ̀. Tí kì í bá ṣe èmi, kọ ẹlòmíì. Ó máa dùn mí díẹ̀, má tìtorí ìyẹn yí i padà.

Ẹ̀gbọ́n ẹ