Sí ẹ̀yin ọmọ mi obìnrin tí wọ́n ní "wọn ò gbà yín"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti bí oṣù mélòó kan, ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu yín ò ju "Màmá, wọn ò gbà mí" lọ, bó sì ṣe parí nìyẹn, ẹ á fọwọ́ lẹ́rán, ẹ á máa tẹ fóònù. Ó ń dùn mí gan-an, òun ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ wá gbọ́ nípa Bessie Coleman. Texas ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1892, ọmọ mẹ́tàlá nìyá ẹ̀ bí, oko òwú ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó dàgbà ó lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Chicago, iṣẹ́ tó rí níbẹ̀ ni kó máa tún èékánná ṣe fáwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù bábà. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kan tó ti Ogun Àgbáyé Kìíní dé wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn obìnrin Faransé ń wa bàlúù, pé irú tiẹ̀ ò lè ṣe é láé. Bessie ní ó parí, ohun tóun máa ṣe nìyẹn.

Àmọ́ kò rí ilé ìwé bàlúù kankan ní Amẹ́ríkà tó gbà á, torí ó jẹ́ obìnrin, ó tún jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa rèé o. Robert Abbott tó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ sílẹ̀ Faransé, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Faransé, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń tọ́jú owó, ó ń lọ sí kíláàsì, títí tó fi wọ ọkọ̀ ojú omi lóṣù kọkànlá 1920. Le Crotoy, ìlú kan nílẹ̀ Faransé, ló ti kọ́ṣẹ́ náà, ojú ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ kan ṣe kú nínú jàǹbá bàlúù, kò sì tìtorí ẹ̀ padà sílé. Ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 1921 ló gba láísẹ́ǹsì, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó gbà á.

Nígbà tó délé tó ń fi bàlúù dárà, wọ́n fẹ́ kí aláwọ̀ funfun àti dúdú gba géètì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé ní Waxahachie níbi tó gbé dàgbà. Ó ní géètì kan ni gbogbo wọn máa gbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ò fò. Wọ́n gbà fún un. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an.

Jàǹbá bàlúù ló pa á ní Jacksonville lọ́dún 1926, ọmọ ọdún 34, kó tó rí ilé ìwé bàlúù tó fẹ́ dá sílẹ̀ fáwa dúdú. Lọ́dún 1992, tí Mae Jemison di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó lọ sí gbalasa òfuurufú, ó mú fọ́tò Bessie dání lọ.

Torí náà, ibi tí wọn ò ti gbà yín yẹn, kí lẹ ò tíì mọ̀ tẹ́ ẹ lè lọ kọ́ báyìí? Kálukú kọ tiẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó tó di Sátidé, owó kíláàsì tí mo bá lágbára ẹ̀, màá san án.

Èmi màmá yín.