Kí wọ́n wo ẹnu gọ́tà kí wọ́n tó buwọ́ lu àtúnkọ́ ọjà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín lórí àwòrán tí wọ́n fẹ́ fi tún ọjà etí ọ̀sà kọ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Kí àwọn aláṣẹ ìlú má tíì buwọ́ lu àwòrán náà.

Bí wọ́n bá da kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀, omi òjò kò ní ríbi rì sí, gọ́tà nìkan ló kù. Bẹ́ẹ̀ bí odò Ouémé, tó ń ṣàn wọ inú ọ̀sà, bá kún ní Sẹ́tẹ́ńbà sí Òkítóbà, ọ̀sà a ga. Bí ẹnu gọ́tà, ibi tó ti ń da omi sínú ọ̀sà, bá rẹlẹ̀ ju ojú omi ìgbà náà lọ, inú ọjà ni omi yóò padà sí. Gọ́tà ìbáà fẹ̀ tó títì. Kí wọ́n kọ ìwọ̀n ojú omi ìgbà ìkún sórí àwòrán. Kí gọ́tà sì máa fi sẹ̀ǹtímítà 1 rẹlẹ̀ ní mítà 2 kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yanrìn á dí i.

Ọkọ̀ akẹ́rù ńkọ́? Kí wọ́n fi àyè rẹ̀ sórí àwòrán náà: inú ọgbà ọjà ni kó ti máa já ẹrù.

Bíríkìlà kan, Àjàṣẹ́