Mi ò tíì fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ náà

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Àbúrò mi ọkùnrin gbé ìwé ilẹ̀ wá bá mi nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ó fẹ́ kí n fọwọ́ sí i kí a tà á, kí ọmọ rẹ̀ tó gboyè ní Àgó-Ìwòyè, tó sì ti sin ìlú tán, lè lọ ka másítà ní Ìlú Ọba.

Mo bi í pé kí ni ejẹ́ǹtì tó ń bá wọn ṣètò ìrìn-àjò náà sọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún kan péré ni yóò fi ka másítà náà. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á fún un ní ọdún méjì láti fi ṣiṣẹ́. Ìyàwó ẹ̀ á bá a lọ. Bí iṣẹ́ kò bá sì tètè yọjú, físà ìtọ́jú arúgbó wà ńlẹ̀."

Ó dùn mí wọra. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń tà fún un lówó tuntun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni ẹni tó ń ka irú másítà yìí kò ti lè mú aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ìlẹ̀kùn físà ìtọ́jú arúgbó mọ́ àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ọdún méjì yẹn ńkọ́? Ẹni tó bá béèrè fún un láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2027, oṣù 18 ni yóò gbà, àyàfi ẹni tó gboyè ọ̀mọ̀wé. Bó bá fẹ́ dúró síbẹ̀, láàárín oṣù 18 náà ni yóò wá ilé-iṣẹ́ tó ní àṣẹ láti gba àlejò síṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún gbọ́dọ̀ tó £41,700. Wọ́n ń dín in kù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé, síbẹ̀ kì í ṣe owó kékeré.

N kò sọ pé kí ọmọ má lọ o. Ọmọ tèmi ń bẹ ní Manchester, owó rẹ̀ ni mo fi kan òrùlé tó wà lórí mi. Ohun tó ń dùn mí ni ti ọ̀rẹ́ mi kan nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa ojúgbà. Ó ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè lọ, ó tún yá owó èlé tí wọ́n ní kó wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 kí físà tó jáde. Títí di òní, ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ òru láti san èlé yẹn. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é, kì í fẹ́ gbé fóònù.

Mo ti sọ fún àbúrò mi pé kí ejẹ́ǹtì kọ gbogbo ìlérí rẹ̀ sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kí n tó mú bírò. Kò tíì mú un wá.

Ẹ jọ̀ọ́, olóòtú, ẹ bá wa máa tẹ òfin físà wọ̀nyí jáde ní Yorùbá nígbàkígbà tí wọ́n bá yí i padà. Àwa tí a ní ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, Yorùbá la ń kà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde.