Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ máa ya fọ́tò ọmọ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ìwọ àti ìyàwó wa kú ewu ọmọ. Ọlọ́run á dá a sí fún wa, á sì jẹ́ kó dàgbà lójú gbogbo wa. Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, níbi tí o ti sọ pé o fẹ́ máa ya ọmọ wa ní fọ́tò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí yóò fi pé ọdún kan, gẹ́gẹ́ bí o ti rí i pé mo ń ṣe fún àwọn tèmi, tí o sì béèrè irú kámẹ́rà tó yẹ kí o rà. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò gùn: èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ti tó. Ohun tí o kò béèrè ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, mo sì kọ ọ́ síta gbangba nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń fi ìtara bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, tí wọ́n á sì pa á tì láìpẹ́, torí pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń wá nínú fọ́tò náà.

Jẹ́ kí n ti ibi ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kì í ṣe ojoojúmọ́ tàbí ọdọọdún? Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Nicholas Nixon, tó bẹ̀rẹ̀ sí ya ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá ìyàwó rẹ̀ obìnrin mẹ́ta ní ọdún 1975, tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń tò bákan náà lọ́dọọdún, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Fọ́tò kan lọ́dún tó fún àgbàlagbà, nítorí pé ojú àgbàlagbà kì í sáré yí padà. Ọmọ ọwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò lè gbé orí ara rẹ̀ dúró lónìí, kí ọdún tó yí po, á ti jókòó, á ti rákò, ó sì ṣeé ṣe kó ti máa di ara ògiri mú rìn. Bí o bá ní oṣooṣù ni o fẹ́ máa yà á, àwọn ìṣe kéékèèké kan wà tí yóò dé tí yóò sì lọ kí o tó tún gbé kámẹ́rà. Ojoojúmọ́ ní tirẹ̀ a máa sú òbí. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan tuntun kan á ti yọjú lára ọmọ, ìwọ náà kò sì ní tíì gbàgbé rẹ̀.

Nǹkan tuntun yẹn gan-an ni kí o máa wá. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi tí ọ̀sẹ̀ bá ń parí lọ ni pé, kí ni ọmọ yìí ń bá yí lọ́sẹ̀ yìí? N kì í béèrè ọjọ́ tí ojú rẹ̀ fani mọ́ra jù. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí ọmọ mi kejì ń kọ́ bí a ṣe ń so okùn bàtà. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ká orúnkún kan sókè dé àgbọ̀n, ó fi ìka méjì di etí okùn kan mú bí ẹni pé ó lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ń wá ibi tí yóò ti ki èkejì bọ̀ ọ́. Ó tẹrí ba tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò fi hàn. Ohun tí a rí nínú fọ́tò náà kò ju irun orí, ṣóńṣó ahọ́n tó yọ síta láti àlàfo eyín iwájú, ìka tí èékánná wọn dọ̀tí díẹ̀, àti bàtà náà fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan náà yẹn, mo ní fọ́tò mìíràn tó ti wọ aṣọ tó dára, tó rẹ́rìn-ín, tí ìmọ́lẹ̀ sì bà á lójú bó ṣe yẹ. Ti okùn bàtà ni mo mú. Lónìí, ọmọ náà ń so bàtà rẹ̀ láì wò ó, kò sì gbà pé ìgbà kan wà tí òun kò mọ̀ ọ́n so.

Nítorí náà, má ṣe máa pàṣẹ fún ọmọ pé kó dúró jẹ́ẹ́, kó wo ibí, kó rẹ́rìn-ín. Àṣẹ yẹn ti pẹ́, ó sì ní ìdí rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà ìyàwòrán tí ará Faransé kan tó ń jẹ́ Daguerre gbé kalẹ̀ han gbogbo ayé ní Paris ní ọdún 1839, ó ń gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kí àwòrán kan tó jáde. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti tún ọ̀nà náà ṣe, ẹni tí wọ́n ń yà ṣì ní láti wà láìmira fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú àáyá. Ọmọdé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá kan láyé ìgbà náà fi máa ń fi aṣọ bo ara wọn látòkèdélẹ̀, tí wọ́n á di ọmọ mú lórí itan kó má baà yí, tí aṣọ náà á sì dà bí ohun tí wọ́n fi bo àga lásán nínú fọ́tò. Kámẹ́rà tòní lè mú ọmọ tó ń sáré láàárín ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ àṣẹ àtijọ́ náà kò tíì kúrò lẹ́nu wa.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, ìwọ̀nba ni mo ní láti sọ. Pa fíláàṣì, gbé ọmọ sún mọ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ bà á lójú. Kúnlẹ̀, tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí kámẹ́rà lè bá ojú ọmọ dọ́gba, nítorí pé fọ́tò tí a bá dúró lókè yà a máa sọ ọmọ di orí ńlá lórí ẹsẹ̀ kúkúrú. Bí kámẹ́rà rẹ bá gbà ọ́ láyè láti yan ìyára rẹ̀, 1/250 (ìyẹn ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá kan) tó fún ọmọ tó ń ṣeré lórí ìjókòó, 1/500 sókè ni kí o lò fún ẹni tó ti ń sáré. Bí yàrá bá ṣókùnkùn, gbé ISO (ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀) sókè sí 1600 tàbí 3200, má sì jẹ́ kí hóró-hóró tó máa hàn lára fọ́tò dà ọ́ láàmú, torí ó sàn ju bàìbàì lọ (àyàfi tí bàìbàì náà bá jẹ́ ìròyìn ọ̀sẹ̀ ọ̀hún: lọ́sẹ̀ tí àkọ́bí mi kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn, gbogbo ohun tí mo rí yà ló ṣe bàìbàì, mo sì mú ọ̀kan nínú wọn tayọ̀tayọ̀). Bí fóònù ni o bá ń lò, má gbé e sún mọ́ ojú ọmọ jù, nítorí pé lẹ́ǹsì rẹ̀ tó fẹ̀ a máa mú kí imú tóbi ju bó ṣe yẹ. Sún sẹ́yìn díẹ̀.

Yíyàn ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ gan-an. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń jókòó tì í. Fóònù ti jẹ́ kó rọrùn láti ya ọgọ́rùn-ún fọ́tò láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, ẹni tó bá sì kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ kì í padà wò wọ́n. Ẹyọ kan ni kí o mú, kódà bí àwọn tó kù bá ń dùn ọ́. Kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀: déètì, ọjọ́ orí ọmọ, ohun tó ń ṣe, ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àti, bó bá ti ń sọ̀rọ̀, ohun tó sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, láì bá a tún un ṣe. Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Linda Henkel, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2014, nínú èyí tí àwọn tó rìn yí ilé ìkóhun-ọnà-sí kan ká kò fi rántí ohun tí wọ́n yà ní fọ́tò tó ohun tí wọ́n kàn fi ojú wò. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti fa lẹ́ǹsì sún mọ́ apá kan ṣoṣo lára nǹkan náà, ìrántí wọn kò dín kù. Èyí bá ohun tí mo ń rí nílé mu. Ọ̀sẹ̀ tí mo bá ń tẹ kámẹ́rà ṣáá, mo máa ń ní láti wo fọ́tò kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ti okùn bàtà yẹn, mo lè sọ ọ́ fún ọ láì wo ohunkóhun. Ya mẹ́ta tàbí mẹ́rin, gbé kámẹ́rà sílẹ̀, kí o sì bá ọmọ ṣeré.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá bọ́, jẹ́ kó bọ́. Kọ ìdí rẹ̀ sí àyè rẹ̀, má sì fi fọ́tò ọ̀sẹ̀ mìíràn dí i. Bí ara ọmọ kò bá sì yá, tó ń sunkún, gbé e ná; kò sí fọ́tò tó pọn dandan lásìkò yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ, nítorí pé ọmọ ọwọ́ kì í kọ̀. Àkọ́bí mi ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe gbé kámẹ́rà sókè ló na àtẹ́lẹwọ́ sí iwájú lẹ́ǹsì, ó ní, “Ẹ má yà mí lónìí, ẹ jọ̀ọ́.” Kò bínú, kò sì fi ṣe àwàdà. Mo gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni a jọ fẹnu kò pé òun ni yóò máa yan fọ́tò tirẹ̀ nínú èyí tí mo bá yà, àti pé èyí tó bá ní kí n pa rẹ́, ojú rẹ̀ ni n ó ti pa á rẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í sábà mú ibi tó ti rẹwà. Ó mú ọ̀kan níbi tó ti na ara sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, tó ń kàwé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan yọ síta. Ó ní òun nìyẹn. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1989, sọ ní abala 12 pé kí a máa gbọ́ èrò ọmọ lórí ohun tó bá kàn án, ó sì dáàbò bo àṣírí ọmọ ní abala 16. Ojú tèmi ni pé ojú ọmọ fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó kàn án.

Nítorí èyí, mo rọ̀ ọ́ pé kí o fi iṣẹ́ yìí ṣe ti inú ilé. Fọ́tò tó bá ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣeé kó padà tán, ọmọ kò sì tíì lẹ́nu láti sọ pé òun kò fẹ́. Fọ́tò ìwẹ̀ àti ti ìgbà tí ọmọ ń sunkún kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ. Tó bá ti ń lọ sílé-ìwé, aṣọ ilé-ìwé nìkan ti tó láti sọ fún àjèjì ibi tó máa ń wà láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù sì máa ń kọ ibi tí a ti ya fọ́tò sínú fáìlì rẹ̀, àyàfi tí a bá pa ètò náà. Lọ wo tìrẹ lónìí. Mọ̀lẹ́bí tó bá fẹ́ rí ọmọ, tẹ fọ́tò fún un lórí bébà.

Bébà yìí ṣe pàtàkì lójú mi. Òótọ́ ni pé ó yẹ kí o tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta fáìlì fọ́tò náà, sórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn má sí nílé rẹ. Ṣùgbọ́n tí ọdún bá pé, tẹ fọ́tò 52 náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ abẹ́ wọn sínú ìwé kan tí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí. Díẹ̀ ni ohun tí àgbàlagbà ń rántí nípa ìgbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Àwọn tèmi kì í bi mí ní ìbéèrè nípa fọ́tò tó wà nínú fóònù, ṣùgbọ́n wọ́n lè jókòó ti ìwé náà fún ìgbà pípẹ́: ta ló gbé mi níbí, kí ni mo ń sunkún sí, aṣọ yẹn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò ni mo fi ń dá wọn lóhùn.

Ó ku èyí tó kan ìwọ fúnra rẹ. Ẹni tó ń ya fọ́tò kì í sí nínú fọ́tò. Aṣọ ló bo àwọn ìyá àtijọ́ yẹn, ẹ̀yìn kámẹ́rà ló ń bo tiwa. Máa fa kámẹ́rà lé ìyàwó wa lọ́wọ́ lóòrèkóòrè, kí ìwọ náà gbé ọmọ, má sì sọ pé irun rẹ kò gún. Ìgbà tí ọmọ bá ti lè di nǹkan mú dáadáa, fún òun náà. Ọmọ mi kejì ti ya orúnkún mi, abẹ́ àga àti ihò imú mi, mo sì ti mú ọ̀kan nínú wọn ní fọ́tò ọ̀sẹ̀, torí pé bí ilé ṣe rí láti ibi gíga tirẹ̀ nìyẹn.

Tí mo bá wá kí yín, èyí tí ẹ bá ti yà ni kí o fi hàn mí, ẹ má tún yàrá ṣe nítorí fọ́tò, kí o sì jẹ́ kí ìyàwó wa bá ọ dá sí èyí tí ẹ máa yàn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ