Ẹ̀sùn Lórí Ìṣirò Ọ̀nà àti Wákàtí Nínú Ìwé Ìrìnàjò Adó-Èkìtì sí Accra

Adó-Èkìtì.

Sí Alábòójútó Ẹ̀ka Oníbàárà.

Alàgbà,

Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹjọ́ sùn yín lórí ìwé ìrìnàjò tí ilé-iṣẹ́ yín tà fún mi, èyí tó kó owó mọ́tò láti Adó-Èkìtì dé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà àti owó bàálù láti ibẹ̀ dé Accra pọ̀ ṣọ̀kan. Ìṣirò inú ìwé náà ló jẹ́ kí bàálù fi mí sílẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kìlómítà 240 ni Adó sí Èkó, àti pé wákàtí 3 ni mọ́tò yín yóò fi débẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyẹ ni, òótọ́ ni, nítorí pé tí a bá fa ìlà gbọọrọ láti Adó dé Ìkẹjà lórí máàpù, iye tí yóò jẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí títì lórí ìlà yẹn. Mọ́tò tó bá kúrò ní Adó yóò gba Ìyìn, Ìgèdé àti Àrámọkọ lọ sí Ìtàwúrẹ́, yóò tún gba Iléṣà, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn kí ó tó kọjú sí Èkó, ọ̀nà náà sì lé ní kìlómítà 300, kí á má tíì sọ ti kòtò ojú títì, ti àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró, àti ti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tó máa ń dúró de ènìyàn ní ẹnu ọ̀nà Èkó. Aago 7 àárọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín yàn ni mọ́tò gbéra, bàálù yóò sì gbéra ní aago 1 ọ̀sán. Awakọ̀ kò jẹ̀bi rárá. A kò tíì dé Ìgèdé tó ti sọ pé wákàtí 3 kò lè gbé wa débẹ̀. Nígbà tí a fi dé pápákọ̀, wọ́n ti pa káńtà dé.

Ti bàálù tún wá burú jù. Ẹ kọ ìṣẹ́jú 5 fún Èkó sí Accra, ẹ sì kọ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 5 fún àbọ̀. Ẹ kàn yọ aago ìgbéra kúrò nínú aago ìbalẹ̀ ni, láìrántí pé aago Gíríníìsì ni Ghana ń lò, tí tiwa sì fi wákàtí 1 ṣáájú rẹ̀. Nǹkan bí kìlómítà 400 ló wà láàárín ìlú méjèèjì, nǹkan bí wákàtí 1 sì ni bàálù ń lò lójú òfurufú, ní àlọ àti ní àbọ̀. Bàálù tó bá fi ìṣẹ́jú 5 rìn ín ń sá kìlómítà 4,800 ní wákàtí kan! Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, n kò sì lè fún ọmọ tó bá kọ irú èyí ní máàkì kankan. Àṣìṣe yìí kò gba owó lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé kò sí ẹni tó ń ka ohun tí ẹ ń tà.

Nígbà tí mo pè yín lórí fóònù, ẹni tó gbé e ní kí n máa tètè jáde nílé. N kò rí ìdáhùn fún un.

Nítorí náà, mo ń béèrè pé kí ẹ dá owó tí mo fi pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì àti owó òtẹ́ẹ̀lì tí mo sùn sí padà fún mi. Rìsíìtì wọn wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kí ẹ sì fi ìwọ̀n títì gan-an rọ́pò ìlà orí máàpù nínú gbogbo ìwé tí ẹ bá ń tà fún àwa ará Èkìtì. Bí n kò bá gbọ́ èsì yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, n óò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín.